Ayálégbé Inú Yàrá Rẹ

Òpópónà ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ abọ́ àtijọ́,
Jingdezhen.
Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àjọ̀dún ìgbálẹ̀ ibojì.

Wenrui, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Osaka? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o ń jẹun kánú? Mo mọ̀ pé wàá máa wò ó pé kí ló dé tí màmá mi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ti pọ̀ ju ti orí fóònù lọ, o sì máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́tà kò ṣeé já gbà. Jókòó, po tíì, kí o sì kà á dé ìsàlẹ̀ kí o tó bínú.

Èmi ń bẹ ní ìlera. Orúnkún mi méjèèjì le koko. Fi ọ̀rọ̀ orúnkún yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún jẹ yọ níwájú. A ti lọ gbá ibojì bàbá rẹ. Mo da ọtí díẹ̀ sílẹ̀ fún un, mo gbé àkàrà ìrẹsì tútù síbẹ̀, mo sì ro gbogbo ohun tí mo fẹ́ rò fún ọ yìí fún un. Kò bínú. Nítorí náà, ìwọ náà kò gbọdọ̀ bínú.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí: mo ti gba ayálégbé sí yàrá rẹ tòkè. Láti àsìkò àjọ̀dún òṣùpá ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ilé yìí ti tóbi jù fún èmi nìkan, ìró ẹsẹ̀ ara mi ti ń sú mi í gbọ́. Obìnrin kan láti Pólándì ni, Jadwiga ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè pe ìyẹn ní òpópónà wa, Yadi ni gbogbo wa ń pè é. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń tẹrí ba kó tó wọ ẹnu ọ̀nà wa. Irun rẹ̀ pupa bí ata gbígbẹ. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ abọ́ mímọ, ó sì ń mọ ìkòkò ńláńlá tirẹ̀ ní àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ìwọ náà mọ irú wọn, àwọn tó ń ti òdìkejì òkun wá nítorí amọ̀ wa.

Òfin ni pé tí àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè bá ti wọlé ẹni, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò gbọdọ̀ ṣú kí a tó mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti wọ bàtà tán nígbà tí Bàbá Gong yọjú. O rántí rẹ̀, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ó ní òun máa bá wa lọ, kí àwa obìnrin méjì má baà lọ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, ọlọ́pàá Tang, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ ká àdúgbò wa, bi mí pé, "Ìyá Shu, kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí yín? Ayálégbé yín ni?" Kí n tó la ẹnu, Gong ti fò gba ọ̀rọ̀ náà. "Ayálégbé kẹ̀! Ọmọ tí wọ́n fi abọ́ gbà ni. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe jọra?"

Wenrui, mo wo Gong, mo wo Yadi, mo wo ilẹ̀. Kò sí abọ́ tí mo gbé fún ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tó kúnlẹ̀ gbé tíì fún mi, kò sí aládùúgbò kan tó jẹ oúnjẹ ìgbọmọ nílé mi, bí a ti ń ṣe nílùú wa tí a bá fi abọ́ gba ọmọ. Tang náà wo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún wo irun pupa yẹn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: ọmọ tí a fi abọ́ gbà, kò san owó ilé. Ìgbà tí a jáde ni Gong ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lójú. "Ìyá Wenrui, tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ayálégbé ni, ọ̀la ni àwọn agbowó orí máa kan ilẹ̀kùn yín. Wọ́n máa gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ lórí iná. Ta ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀? Bí èmi ṣe ń ṣe ti ayálégbé tèmi láti ọdún mélòó kan wá nìyẹn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo sì dúpẹ́. Mo tilẹ̀ ra abọ́ núdùlù ìrẹsì kan fún un, pẹ̀lú ẹran lórí.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo òpópónà ti di ìbátan Yadi. Oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ń fi orúkọ mi pè é ní ọmọ Lanzhi, oníẹ̀fọ́ ń fún un ní èènì, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ata tí mo jẹ nígbà oyún rẹ̀ ló kun irun rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Yadi kò mọ irọ́ pa. Ní ọjọ́ kan Tang bá a pàdé lójú ọ̀nà, ó ní, "Ìyá yín ńkọ́?" Ọmọ náà rò pé ìyá tó bí òun ló ń béèrè. Ó ní orúnkún ń dùn ún gidigidi, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, tí òtútù bá dé ó máa ń sunkún. Ní ọjọ́ kejì, Tang kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ oògùn orúnkún tó fi owó ara rẹ̀ rà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbà á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á ti wọ́. Ìyàwó oníṣọ́ọ̀bù ló ké sí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé, "Ìyá Wenrui, ẹsẹ̀ òsì ni lánàá o!"

Má rẹ́rìn-ín jù. Ó dùn mọ́ mi pé ẹnìkan wà nílé tí mo ń tiro pẹ̀lú rẹ̀. Yadi máa ń jẹ ọbẹ̀ mi títí omi á fi máa dà lójú rẹ̀, á sì tún na abọ́ pé kí n bù sí i. Ó tún ìkọ́ fèrèsé rẹ ṣe, èyí tí o ti ń sọ láti ilé-ìwé girama pé o máa tún ṣe. Ó se ọbẹ̀ ìlú wọn kan fún mi láti ara gbòǹgbò pupa, mo mu ún nítorí ojú, mo sì mu ún lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó dùn. Nítorí irọ́ Gong ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Màmá, kí Tang lè máa gbọ́. Nígbà tó yá, ó ń pè mí bẹ́ẹ̀ níbi tí Tang kò sí. Inú mi dùn, mo kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Lẹ́yìn ọdún tuntun, àkókò tó kí Yadi gba ìwé àṣẹ ìgbélùú tuntun. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń bá a san nínú owó ilé, wọ́n sì fẹ́ rí ìwé àdéhùn ilé àti rìsíìtì pé a ti san owó orí lórí rẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá sì ti kọ ọ́ pé ọmọ ni, kò san kọ́bọ̀. Obìnrin tó ń gba ìwé ní ọ́fíìsì ńlá kó gbogbo rẹ̀ padà fún un, ó ní, "Ìwé yín méjèèjì ń bára wọn jà. Ẹ lọ là wọ́n kí oṣù yìí tó parí." Tí a kò bá là wọ́n, kò sí ìwé àṣẹ. Tí kò bá sí ìwé àṣẹ, Yadi máa padà sí Pólándì, á fi ìkòkò ńlá tó ti ń mọ láti ìgbà tó ti dé sílẹ̀ láìsun níná.

Gong ní kí n má da ara mi láàmú. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni ayálégbé rí, ọ̀kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Tí ẹ bá lọ jẹ́wọ́, wọ́n á gba owó ìtanràn, wọ́n á gba owó orí, wọ́n á tún wá bi àwa tó kù léèrè." Mo sọ fún un pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó bá lọ, ilé tó ti kọ́lé tẹ́lẹ̀ náà ló máa ń padà sí, kó gbójú sókè wo abẹ́ òrùlé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tó nǹkan, o mọ̀. N kò sì bá ọlọ́pàá fa ọ̀rọ̀ kankan rí láyé mi.

Nígbà tí mo ti ọjà dé, àpótí Yadi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbá yàrá, ó ti fọ aṣọ fèrèsé, ó ti ká ìbùsùn rẹ bí ìgbà tí kò sí ẹni tó sùn níbẹ̀ rí. Ó ní, "Màmá, tí mo bá ti kúrò nílé yín, kò sí ẹni tó máa bi yín ní nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá yín wí nítorí mi. Màá wá yàrá síbòmíràn." Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí onílé tó máa gbà á kí oṣù tó parí. Ó ń rẹ́rìn-ín kí n má baà sunkún, èmi náà ń ṣa ẹ̀fọ́ kó má baà rí ojú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọdún tí o dé Osaka. O pè mí láti ìta ọ́fíìsì àwọn tó ń bá ni wá ilé. Gbogbo onílé tí o bá sọ̀rọ̀ ló ti ní àwọn kò gba àlejò. O ní, "Màmá, owó wà lọ́wọ́ mi, yàrá wà nílẹ̀, wọn kò kàn fẹ́ mi ni." N kò lè jẹun ọjọ́ náà. Ìyá Hirose tó ń ta tófù, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ ju pé o máa ń kí i tí o bá ń kọjá, òun ló mú èdìdì rẹ̀ jáde, tó fi lu ìwé pé òun ni onígbọ̀wọ́ rẹ. Bí o bá jẹ gbèsè, ọrùn rẹ̀ ni. Bí o bá sá lọ, òun ni wọ́n á wá mú. Kò jẹ ọ́ ní gbèsè kankan, kò mọ bàbá rẹ, kò sì mọ̀ mí. Mo wo àpótí ẹnu ọ̀nà yẹn, ohùn rẹ ni mo sì ń gbọ́. Mo sọ fún Yadi pé kó gbé àpótí rẹ̀ padà sókè, kó wá bá mi ṣa ẹ̀fọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun àtẹ̀gùn àgọ́ ọlọ́pàá wéré wéré. Tang dúró lókè pẹ̀lú ife tíì rẹ̀, ó ń wò mí. "Áà! Ìyá Shu, orúnkún yín mà ti san!" Wenrui, mo dúró gbagidi. Mo ti gbàgbé láti tiro. Mo ní, "Kò fìgbà kan dùn mí. Ti ìyá Yadi ní Pólándì ló ń dùn. Ayálégbé mi ni ọmọ yẹn, ó ń san owó ilé fún mi lóṣooṣù, kò sì jẹ mí rí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ bá ẹnìkan wí, èmi rèé. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Tang gbé ife sílẹ̀. "Ìyá, ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Ẹ fi abọ́ gba ọmọ, gbogbo òpópónà kò jẹun? Láti ọjọ́ tí ẹ ti wá ni mo ti ń retí kí ẹ pè mí sí àsè, mo ní bóyá ahun ló ń yọ yín lẹ́nu." Ojú tì mí débi pé mo rẹ́rìn-ín. Ó wá mú ojú le. "Ṣùgbọ́n eré kọ́ nìyí o. Tí iná bá ṣẹ́ yọ nílé yín, ìwé yìí la fi ń mọ ẹni tí a máa wọlé lọ wá." Ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, mo tẹ àtàǹpàkò sí i. Mo san ìtanràn, kò pọ̀; ìbáwí tó bá a rìn ló pọ̀. Nígbà tí mo ń lọ, ó ní, "Àlẹ̀mọ́ orúnkún mi ńkọ́?" Mo ní, "A ti fi ránṣẹ́ sí Pólándì. Ìyá Yadi ti gun àtẹ̀gùn lọ́sẹ̀ tó kọjá." Ẹ̀rín pa á.

Ọ́fíìsì owó orí ló kù. Mo ti wọ ẹ̀wù tó dára jù lọ́wọ́ mi bí ẹni tó ń lọ síbi òkú. Ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú yẹ ìwé àdéhùn wò, ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì sọ iye tí mo máa san. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní, "Ìyẹn náà nìyẹn?" Ó ní, "Ìyẹn náà nìyẹn, Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, èrò wà lẹ́yìn yín." Ọmọ mi, ohun tó ń já mi láyà láti àjọ̀dún òṣùpá kò tó ohun tí mò ń pàdánù nídìí ayò mahjong lóṣù kan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ni Gong ń jẹ! Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní irọ́ ni. Mo fi rìsíìtì hàn án. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá sí ẹnu ọ̀nà mi nínú jákẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ń wo òkè wo ilẹ̀, ó ní ṣé màá lè bá òun dé àgọ́ ọlọ́pàá, òun kò fẹ́ dá lọ. Mo bá a lọ. N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Èyí tó kù yìí gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà. Ọjọ́ tí wọ́n fún Yadi ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tuntun, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ lọ gbà á. Ó ti mọ ìwé wa kà dáadáa. Níbi tí wọ́n kọ "ọmọ" sí tẹ́lẹ̀, "ayálégbé" ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Tang, ó ká ìwé náà sápò, a sì gba ọ̀nà ilé. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ló tó sọ pé, "Màmá." Ó ṣàtúnṣe: "Ìyá Shu. Ṣé bí màá ṣe máa pè yín báyìí nìyẹn?" Ó dùn mí wọ egungun. Mo ní, "Ìwé ni wọ́n yí padà. Ta ló ní kí o yí ẹnu padà?"

Mo kó búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń ya àwòrán sára abọ́ jáde láti inú àpótí, àwọn tí n kò fọwọ́ kàn láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ abọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé. Ojú mi kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ya ata pupa méjì sára abọ́ kan fún un, nítorí irun rẹ̀. A sun ún pẹ̀lú ìkòkò ńlá rẹ̀ nínú iná kan náà. Ìkòkò náà jáde láìsán níbì kankan. Abọ́ mi wọ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, Yadi ní òun kò fẹ́ èyí tó tọ́.

A se àsè ìgbọmọ náà ká tó lọ gbá ibojì. Tang wá láìwọ aṣọ iṣẹ́, Gong jẹ oúnjẹ ènìyàn mẹ́ta, oníṣọ́ọ̀bù gbé ọtí wá. Ìyá Yadi wà lójú fóònù láti Pólándì, ó ń sunkún, ó ń fi orúnkún rẹ̀ hàn wá. Yadi kúnlẹ̀ tán, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún mi. Mo mu ún. Mo fi abọ́ àti igi ìjẹun lé e lọ́wọ́, mo sì pè é ní ọmọ mi níṣojú gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan.

Nítorí náà, o ti ní ẹ̀gbọ́n obìnrin. Nígbà tí o bá wálé, yàrá ìwọ̀-oòrùn ni wàá sùn. Má bá mi jiyàn: òun ń san owó ilé, ìwọ kò san nǹkan kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Tang, mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Gong, nítorí bí kò bá parọ́ yẹn, bóyá n kò ní mọ̀ pé òtítọ́ ni mo fẹ́ kó jẹ́.

Kí Ọ̀run máa ṣọ́ ọ ní ìjáde àti ìwọlé. Kí ilẹ̀ tí o tẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí o má ṣe dúró níta ilé ẹnikẹ́ni mọ́ láyé rẹ. Kí o dàgbà ju bàbá rẹ lọ, kí ara rẹ sì le ju tèmi lọ.

Èmi ni ìyá rẹ tí orúnkún kò dùn,
Shu Lanzhi.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: abọ́ kan wà nínú páálí tó bá lẹ́tà yìí wá, mo ya alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sí i lára. Má fi jẹun. Tìrẹ kọ́. Gbé e lọ fún Ìyá Hirose, kúnlẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún un, kí o sì sọ ohun tí abọ́ túmọ̀ sí nílẹ̀ wa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, ó sì ti pẹ́ jù tí mo ti jẹ ẹ́ ní ọpẹ́. Tí ó bá bu oúnjẹ sínú abọ́ náà, tí ó sì gbé e padà fún ọ, gbà á, jẹ ẹ́ tán, kí o máa pè é ní ìyá láti ọjọ́ náà lọ. N kò ní jowú. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ ẹlòmíràn ló ń pariwo Màmá láti ilé ìdáná, pé oúnjẹ mi ti ń tutù.